Ẹranko Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́wàá: Àkọsílẹ̀ Lórí Àwòrán Kan Láti Aṣálẹ̀

Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹsàn-án, ní pálọ̀ ilé bàbá wa ní Ìbàdàn, àgbà ọdẹ kan tí ọjọ́ orí wọn ti lé ní ọgọ́rin ọdún gbé ọ̀kan nínú àwọn àwòrán tí mo yà ní aṣálẹ̀ Amẹ́ríkà lé itan, wọ́n ń fi ìka tọ́ka sí ẹsẹ̀ ẹranko inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì kà á títí ó fi pé mẹ́wàá. Gàdàgbà ni mo tẹ̀ ẹ́ sí abẹ́ àwòrán náà pé "Aláǹtakùn Aṣálẹ̀". Wọ́n gbójú sókè, wọ́n ní, "Ọmọ mi, aláǹtakùn wo ló ní ẹsẹ̀ mẹ́wàá?" N kò rí èsì fọ̀. Odidi ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi wá èsì ìbéèrè yẹn, ohun tí mo sì rí ni mo kọ sílẹ̀ níhìn-ín, láti alẹ́ tí mo ya àwòrán náà títí di ọjọ́ tí mo yí àkọlé rẹ̀ padà.

Iṣẹ́ fọ́tò ni mo fi ń jẹun. Ìgbéyàwó, ìkómọjáde, ìwúyè àti òkú àgbà ni mo ń yà káàkiri Ìbàdàn, láti Bódìjà dé Mọ́lété, ó sì ti tó ọdún méjìlá báyìí. Láti kékeré ni wíwo àwọn ẹ̀dá tíntìntín ti wà lọ́kàn mi. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi bá ń fi abọ́ omi kó èsúnsún lábẹ́ iná láti lọ dín in, èmi a dúró, a máa wo bí ìyẹ́ wọn ṣe ń já bọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo mẹ́nu ba iṣẹ́ mi nítorí pé láti inú rẹ̀ ni àṣìṣe yìí ti wá. Ẹni tó ń ya òde àríyá, ojú ènìyàn àti aṣọ ọrùn rẹ̀ ni ó ń wá. Bí ojú bá ti dán, tí aṣọ sì yọ dáadáa, iṣẹ́ ti parí. Kò sí ẹni tí yóò ní kí n ya àtẹ́lẹsẹ̀ òun. Ojú yẹn náà ni mo gbé lọ sí aṣálẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ní kí n wá lo ọlidé lọ́dọ̀ àwọn ní ìlú Tucson, ní ìpínlẹ̀ Arizona, láti ìparí oṣù keje títí di ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù kẹjọ. Inú aṣálẹ̀ Sonora ni ìlú náà wà, aṣálẹ̀ tó gba apá kan Arizona àti California, tó sì wọ ilẹ̀ Mẹ́síkò lọ. Ẹni tó bá ń fojú inú wo aṣálẹ̀ bí iyanrìn lásán, bí ó bá dé ibẹ̀ lẹ́yìn òjò, kò ní gbà pé aṣálẹ̀ ni. Igi ẹlẹ́gùn-ún tí wọ́n ń pè ní saguaro, tó lè ga ju mítà méjìlá lọ, ló dúró káàkiri gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, tí ó na apá sókè. Ooru ọ̀sán máa ń tó ìwọ̀n 38 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó sì máa ń kọjá bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ọjọ́, nítorí náà abẹ́ òkúta àti inú ihò ni ọ̀pọ̀ ẹ̀dá ibẹ̀ ń gbé títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Láti ọjọ́ 15 oṣù kẹfà sí ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ni wọ́n kà sí ìgbà òjò wọn, òjò alágbára tí í dé pẹ̀lú ààrá àti ìjì eruku. Bí ó bá ti dá, àwọn ẹ̀dá tó ti fara pamọ́ fún oṣù bíi mélòó kan á tú jáde. Ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi fún mi ni pé n kò gbọdọ̀ dúró sí ojú odò gbígbẹ bí òjò bá ti ṣú lórí òkè, kódà bí ibi tí mo dúró sí bá gbẹ táútáú, nítorí pé ojijì ni omi ń ya dé. Ọmọ Ìbàdàn tí wọ́n ti sọ ìtàn omíyalé Ògùnpa ọdún 1980 fún láti kékeré kò nílò àlàyé lórí irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀.

Alaalẹ́ ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń jáde, pẹ̀lú bàtà gígùn àti tọ́ọ̀ṣì méjì. Iná ọ̀kan funfun. Ìkejì ń tan ìtànṣán tí ojú ènìyàn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí, èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ nanómítà 365, òun sì ni a fi ń wá àkeekèé. Àwọn èròjà kan wà nínú èèpo ara àkeekèé tí í gba ìtànṣán yìí, tí wọ́n sì ń dá a padà ní ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé tó fẹ́ jọ ti aró, débi pé láti ọ̀nà jíjìn ni a ti ń rí i bí ẹ̀yinná tútù lórí ilẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ awọ kì í tàn títí awọ tuntun náà yóò fi le. Ní alẹ́ kẹta, lára igi kan tó ti sán, mo rí ìyá àkeekèé tó pọn àwọn ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n funfun, wọ́n sì kún ẹ̀yìn rẹ̀ bí ìrẹsì tí a dà jọ. Nígbà tí mo tan iná kejì sí i, ìyá náà tàn yòò, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kò tàn tó o. Centruroides sculpturatus ni, èyí tí ara rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, tí kò tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ, tí oró rẹ̀ sì le ju ti gbogbo àkeekèé yòókù lọ ní Amẹ́ríkà. Ó fẹ́ràn kí ó máa rọ̀ mọ́ abẹ́ èèpo igi àti abẹ́ òkúta, tí ikùn rẹ̀ kọjú sókè, nítorí náà ẹni tó bá ki ọwọ́ bọ abẹ́ òkúta láti gbé e, ó lè fi ìka gbá a mú láìmọ̀. Àwọn àgbà wa ti wí pé àkeekèé ò ṣéé dì níbò. Ọ̀pá ni a fi ń gbé òkúta, a sì ń dá a padà síbi tó wà, nítorí pé ilé ẹlòmíràn ni. Nínú ọgbà Saguaro tó jẹ́ ti ìjọba, òfin kò tilẹ̀ gbà kí ènìyàn mú ohunkóhun kúrò láìgba ìwé àṣẹ, àwòrán nìkan ni a ń mú jáde.

Mo rí àkeekèé onírun ńlá, Hadrurus arizonensis, tó lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 14, bẹ́ẹ̀ síbẹ̀ kò tó àkeekèé dúdú ńlá inú igbó tiwa, Pandinus imperator, tó lè tó 20. Mo rí ọ̀bọ̀n-ùn-bọn-ùn aláwọ̀ aró tí í dùbúlẹ̀ gbalaja bí òkú bí a bá fọwọ́ kàn án. Mo sì rí ẹ̀dá dúdú kan tó jọ àkeekèé ṣùgbọ́n tí ìrù rẹ̀ jẹ́ okùn tín-ín-rín tí kò ní oró, tí í tu omi kíkan síta bí a bá dà á láàmú, tí gbogbo àyíká á sì máa rùn bíi fínígà. Mastigoproctus tohono ni orúkọ rẹ̀, ọdún 2018 ni wọ́n sì tó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn ìbátan rẹ̀. Orúkọ gbogbo wọn ni mo kọ sílẹ̀ bó ṣe yẹ, nítorí pé ẹ̀gbọ́n mi mọ̀ wọ́n.

Alẹ́ kẹsàn-án ni ọ̀rọ̀ tí mo ń kọ nípa rẹ̀ ṣẹlẹ̀, ẹ̀yìnkùlé ẹ̀gbọ́n mi ló sì ti ṣẹlẹ̀, ní alẹ́ tí wọ́n wà ní ibi iṣẹ́. Òjò ti rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, èèrà abìyẹ́ àti àfòpiná kún abẹ́ iná ògiri, mo sì jókòó sórí àpótí, mò ń nu lẹ́ǹsì. Nǹkan kan sáré kọjá lórí ògiri bí ẹni pé atẹ́gùn ló ń gbá òwú lọ. Ó dúró lójijì, ó na ọwọ́ méjì iwájú sókè, ó ki àfòpiná kan mọ́lẹ̀, mo sì ń gbọ́ ìró bí ó ṣe ń rún un lẹ́nu, bí ẹni ń rún gúgúrú. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí àgbàdo gbígbẹ, irun gígùn tín-ín-rín bo ẹsẹ̀ rẹ̀, ara rẹ̀ kò sì ju ìka àárín ọwọ́ mi lọ. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi figbe ta láti inú ilé pé kí n má ṣe jẹ́ kí ó wọlé. Mo tan iná kejì sí i, kò tàn bí àkeekèé. Àwòrán 23 ni mo yà láàárín bí ìṣẹ́jú mẹ́rin. Mo ti gé gálọ́ọ̀nù mílíìkì funfun bo ojú fláàṣì kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lè rọ̀, mo fi ihò lẹ́ǹsì sí f/11, mo sì ń sún mọ́ ọn, mò ń fà sẹ́yìn, nítorí pé bí ènìyàn bá sún mọ́ ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀, ibi tí yóò dán nínú àwòrán kì í ju fífẹ̀ èékánná lọ. Ó sáré wọ inú òjìji mi, ó gun gíláàsì fèrèsé, ó sọ̀kalẹ̀, ó sì wọ abẹ́ ìkòkò òdòdó lọ. N kò rí i mọ́.

Ohun tí mo kọ sínú ìwé mi ní alẹ́ ọjọ́ náà kò ju ìlà kan lọ: "Aláǹtakùn, ògiri ẹ̀yìnkùlé, lẹ́yìn òjò." Ìrònú mi ni pé kò tàn, nítorí náà kì í ṣe àkeekèé, ó ní irun, ó ní ẹsẹ̀ púpọ̀, ó ń jẹ kòkòrò, nítorí náà aláǹtakùn ni. N kò ka ẹsẹ̀ rẹ̀. Nínú àwòrán 23, ọ̀kan ṣoṣo ni mo yàn, èyí tí mo yà láti òkè, tí ìmọ́lẹ̀ ti mú gbogbo irun rẹ̀ tàn bí okùn wúrà. Mo sàmì sí 19 nínú àwọn yòókù pé kí n pa wọ́n rẹ́, nítorí pé wọ́n ṣú tàbí pé ẹranko náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde nínú wọn tán. Mo dúpẹ́ pé n kò tíì pa wọ́n rẹ́ nígbà tí mo dé Nàìjíríà.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama ní kí n wá fi àwọn àwòrán náà han àwọn ọmọ kíláàsì òun ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù. Mo tẹ 24 jáde ní Mọ́kọlá, mo sì kó wọn wá sí ilé bàbá wa kí ìyá mi lè kọ́kọ́ rí wọn. Bàbá Ọdẹ, tí ilé wọn kọjú sí tiwa, wọlé wá kí ìyá mi, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí wo àwọn àwòrán náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìsọ̀rọ̀, títí wọ́n fi kan èyí tí mo ti sọ.

Lẹ́yìn tí wọ́n bi mí ní ìbéèrè wọn, wọ́n na ìka sí ògiri pálọ̀. Aláǹtakùn pẹlẹbẹ kan lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, irú èyí tó wà nínú ilé gbogbo wa, tí í fi àpò ẹyin rẹ̀ funfun roboto lẹ ara ògiri bí ẹyọ owó. "Ka tìyẹn," ni wọ́n wí. Mo kà á. Mẹ́jọ ni. Mo ní, "Bàbá, bóyá méjì tó wà níwájú tiwa yìí, ìwo ni." Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n fi èékánná tọ́ka sí ibi tí ó ti ṣẹ́po nínú àwòrán, wọ́n ní, "Ìwo kì í ní oríkèé." Wọ́n wá sọ fún mi pé ẹranko náà kò ṣàjèjì sí àwọn. Nígbà èwe wọn, wọ́n wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ lójú ọ̀nà rélùwéè tó dé Màídúgùrì ní 1964, irú ẹ̀dá yìí a sì máa sáré wọ àgọ́ wọn lóru nítorí iná fìtílà, a máa sáré tẹ̀lé òjìji ènìyàn, tí àwọn òṣìṣẹ́ á sì máa fò lé orí ibùsùn. "A kò pè é ní aláǹtakùn," ni wọ́n wí, "nítorí pé kì í takùn." Ọ̀rọ̀ yìí ni ó wọ̀ mí lára jù. Ó wà nínú orúkọ náà fúnra rẹ̀, èmi tí mo ń sọ èdè yìí láti kékeré kò sì gbọ́ ọ: aláǹtakùn, ẹni tí í ta okùn. Ẹranko tí mo yà kò ta okùn kankan lójú mi, eré ló fi mú oúnjẹ rẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo ṣí gbogbo àwòrán 23 náà lórí kọ̀ǹpútà, mo bẹ̀rẹ̀ sí wò wọ́n, àwọn tí mo ti kọ̀ sílẹ̀ ni mo sì wò jù. Nínú èyí tó rẹwà, irun àti ìmọ́lẹ̀ bo gbogbo ohun tó ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n nínú àwòrán keje, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣú pátápátá, ẹnu rẹ̀ dán kedere: ẹ̀mú méjì, bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní eyín, wọ́n sì ń pàdé láti òkè sí ìsàlẹ̀. Wọ́n tóbi débi pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ kó ìdá mẹ́ta ara rẹ̀. Ojú dúdú méjì péré ló wà láàárín iwájú orí rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé mẹ́jọ ni ọ̀pọ̀ aláǹtakùn ní. Nínú àwòrán kọkànlá, tí mo yà láti ẹ̀gbẹ́, ikùn rẹ̀ pín sí abala-abala bí ti ìdin, kò sì sí ìbàdí tẹ́ẹ́rẹ́ tí í ya àyà aláǹtakùn sọ́tọ̀ kúrò lára ikùn rẹ̀.

Ohun tó kù ni abẹ́ rẹ̀, n kò sì yà á. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù, mo ṣàlàyé, wọ́n sì ní kí n dúró. Ọmọ wọn obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ti fi fóònù ìyá rẹ̀ ya ẹranko náà láti inú ilé ní ìgbà tí ó gun gíláàsì fèrèsé. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni nítorí pé wọ́n ti ní kó lọ sùn. Wọ́n fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Eruku wà lára gíláàsì náà, ìmọ́lẹ̀ fláàṣì mi sì tàn sínú rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, síbẹ̀ ohun tí mo ń wá wà níbẹ̀: ní ìdí ẹsẹ̀ tó kẹ́yìn, ní ọ̀tún àti ní òsì, àwọn nǹkan funfun kéékèèké tò tẹ̀lé ara wọn, márùn-ún ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan rí bí abẹ̀bẹ̀ tó ní ìgbámú. Kò sí aláǹtakùn tàbí àkeekèé kan tó ní abẹ̀bẹ̀ wọ̀nyí. Àwọn ẹ̀yà tí orúkọ wọn ń jẹ́ Solifugae nìkan ló ní in.

Èdè Látìn ni orúkọ náà, àwọn tí í sá fún oòrùn ni ìtumọ̀ rẹ̀. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń so orúkọ rẹ̀ mọ́ ràkúnmí àti aláǹtakùn, orúkọ tí kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ lójú tèmi. Ẹ̀yà wọn tí a ti mọ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún kan, ilẹ̀ gbígbẹ ni ọ̀pọ̀ wọn sì ń gbé. Ìbátan aláǹtakùn, àkeekèé àti eégbọn ni wọ́n, gẹ́gẹ́ bí àgùntàn àti màlúù ṣe jẹ́ ìbátan, ṣùgbọ́n ìdílé tiwọn dá dúró. Wọn kì í ta okùn, wọn kò sì ní oró tí wọ́n ń fi pa ohun tí wọ́n bá mú. Agbára ẹ̀mú ẹnu wọn ni wọ́n gbójú lé.

Ní ti ẹsẹ̀ mẹ́wàá, Bàbá ka ohun tí ojú rí, wọ́n sì kà á re. Mẹ́jọ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ní tòótọ́, bíi ti gbogbo ìbátan rẹ̀. Méjì tó wà níwájú pátápátá jẹ́ ọwọ́ tó fi ń táràrà, tó fi ń fọwọ́ ba nǹkan. Ó gùn, ó sì nípọn bí ẹsẹ̀, orí rẹ̀ sì ní ohun kan tí í lẹ̀ mọ́ nǹkan, èyí tó jẹ́ kí ó lè gun gíláàsì tó ń yọ̀. Ẹsẹ̀ tó tẹ̀lé e náà tẹ́ẹ́rẹ́, ìfọwọ́bà ni ó ń fi í ṣe pẹ̀lú. Mẹ́fà yòókù ló fi ń sáré.

Mo padà lọ bá Bàbá pẹ̀lú àwọn àwòrán náà ní ọjọ́ Sátidé kejì lẹ́yìn èyí. Kí n tó lọ, mo gbé àga sí ìdí ògiri pálọ̀ wa, mo sì fi lẹ́ǹsì kan náà ya aláǹtakùn pẹlẹbẹ tí wọ́n ní kí n kà. Ó jókòó jẹ́ẹ́ fún mi. Nígbà tí mo mú orí rẹ̀ tóbi lórí kọ̀ǹpútà, ọwọ́ kékeré méjì wà ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu òun náà, kúkúrú, onírun, tó ká wọnú débi pé ojú lásán kò lè rí i láti ìsàlẹ̀. Mo fi han Bàbá. Wọ́n gba gíláàsì ojú wọn lọ́wọ́ ọmọ-ọmọ wọn, wọ́n wò ó pẹ́, wọ́n wo ti aṣálẹ̀, wọ́n tún padà wo ti ilé. "Àwọn méjèèjì ló ní in nígbà náà," ni wọ́n wí, "tìyẹn dàgbà, tìyí kò dàgbà." N kò tíì rí àlàyé tó kúrú, tó sì dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, òun náà ni mo sì lò fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́.

Mo ti yí ọ̀nà tí mo fi ń ya ẹ̀dá kéékèèké padà láti ìgbà náà. Kí n tó wá ẹwà, mo ní láti ti ya òkè rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ àti ojú rẹ̀; bí ó bá sì ṣeé ṣe láìpa á lára, mo ń fi ike tó mọ́ gaara bò ó, mo ń ti gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ bọ abẹ́ rẹ̀, mo sì ń gbé e sókè ya ikùn rẹ̀, kí n tó tú u sílẹ̀ níbi tí mo ti rí i. Aláǹtakùn ilé, ìrẹ̀ àti ọ̀kùn inú ọgbà wa ni mo fi ń kọ́ ọ báyìí. Àwòrán tó ṣú kò sì kúrò lórí kọ̀ǹpútà mi mọ́ títí n ó fi mọ orúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi olùkọ́ fẹ́ kí n kọ orúkọ ẹ̀yà gan-an sí abẹ́ àwòrán náà, bí mo ti ṣe fún àkeekèé. Mo kọ̀, nítorí pé ìrísí ẹ̀mú ẹnu akọ ni àwọn onímọ̀ fi ń ya ọ̀pọ̀ ẹ̀yà Solifugae sọ́tọ̀ sí ara wọn, tí wọ́n ń wò ó lábẹ́ awò-amúǹkan-tóbi, àwòrán mi kò sì lè ru ẹrù bẹ́ẹ̀. Ó béèrè bákan náà bóyá kí á yọ ọ̀rọ̀ náà "kòkòrò" kúrò nínú àkọlé gbogbo àfihàn náà, nígbà tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ mẹ́fà ni kòkòrò ń ní nínú ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì. Mo ní kí á fi í sílẹ̀: ní ẹnu wa, kòkòrò gba gbogbo wọn láyè, a ó sì pín wọn sí ìdílé-ìdílé lábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan.

Àkọlé tó wà lábẹ́ àwòrán náà lónìí kà báyìí: "Solifugae. Ìbátan aláǹtakùn àti àkeekèé, kì í ṣe ọ̀kankan nínú wọn. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ, ọwọ́ ìfọwọ́bà méjì. Kì í takùn. Lára ògiri ẹ̀yìnkùlé, Tucson, Arizona, lẹ́yìn òjò ìrọ̀lẹ́, oṣù kẹjọ." Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo fi àwòrán abẹ́ rẹ̀ sí, pẹ̀lú eruku gíláàsì àti ìmọ́lẹ̀ fláàṣì mi, mo sì kọ ọ́ sí i pé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló yà á.